Háàdì dísìkì yín ń ṣe ségesège? Ẹ má tíì tẹ "Format"

Ẹ ki okùn háàdì dísìkì bọ kọ̀ǹpútà bí ẹ ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n dípò kí àwọn fódà yín yọjú, Windows ní àfi kí ẹ "format" dísìkì náà, ìyẹn ni pé kí ẹ tún un ṣètò bíi tuntun tó ṣófo, kí ẹ tó lè lò ó. Bọ́tìnnì tí yóò ṣe é wà níbẹ̀, ó ń retí ìka yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ń júwe ọ̀nà àbáyọ fún àwọn ni.

Ohun tí ìkìlọ̀ yẹn ń sọ kò ju báyìí lọ: "Mo rí i pé wọ́n so nǹkan kan mọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè ka àkọsílẹ̀ tó yẹ kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi." Kò sọ pé fọ́tò yín ti run. Kò tilẹ̀ sọ pé dísìkì náà bàjẹ́. Ohun tó lè fa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, láti orí nǹkan kékeré títí dórí dísìkì tó ń kú lọ, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ibi tí wọ́n ti jọra ni èyí tó yẹ kó ṣíwájú: fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, ọ̀rọ̀ àtúnṣe dísìkì ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú tèmi, àwọn tó fi èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ṣíwájú ló ń pàdánù jù, kì í ṣe àwọn tí dísìkì wọn bàjẹ́ jù.

## Kí ló wà nínú àpótí kékeré yẹn?

Ohun mẹ́ta ló yẹ ká yà sọ́tọ̀, torí ọ̀kan lè bàjẹ́ kí ìyókù má farapa. Àkọ́kọ́ ni dísìkì gan-an, níbi tí fáìlì ń gbé. Èkejì ni pátákó kékeré tí wọ́n to èròjà oníná sí, tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín dísìkì àti okùn USB. Ẹ̀kẹta kò ṣeé fọwọ́ kàn: òun ni àkọsílẹ̀ tó ń sọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá dàrú, fáìlì ṣì lè wà níbi tó wà, kọ̀ǹpútà ni kò mọ ibi tí yóò ti wá a.

Ẹni tó bá ti rí giramafóònù rí ti mọ ìdajì bí dísìkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Awo kan ń yí, apá kan sì nà sórí rẹ̀ láti ka ohun tó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fara kan awo, ṣùgbọ́n orí tó ń ka háàdì dísìkì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Awo yẹn ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí náà sì ń léfòó lókè rẹ̀ ní ìwọ̀n nanomítà díẹ̀ péré. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo nípọn ju 10,000 nanomítà lọ. Bí dísìkì bá ṣubú nígbà tó ń yí, tí orí yẹn sì ha awo, ohun tó wà níbi tó ha ti lọ nìyẹn. Kò sí áàpù kankan tó lè dá a padà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Háàdì dísìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 ní awo 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 24, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò ju nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Fọ́tò méjì láti inú fóònù òde òní lè má wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, awo tó ń yí àti orí tó ń léfòó ni òun náà lò.

Àwọn mìíràn tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní awo rárá. Inú ṣíìpù ni wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọn kì í dún, ìṣubú kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n lè dákẹ́ lójijì láìṣe àpẹẹrẹ kankan ṣáájú, ohun tí a bá sì pa rẹ́ lórí wọn ṣòroó rí padà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń nu ibẹ̀ fúnra wọn.

## Ṣé dísìkì ló kú, àbí okùn rẹ̀?

Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí òun la máa ń ká, tí a máa ń fà, tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ lo òmíràn tó dá yín lójú pé ó ń gbé fáìlì. Okùn mìíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, tí wọ́n ṣe fún ṣíṣájì fóònù. Ẹ so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà tààrà, kì í ṣe mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di mẹ́rin. Ẹ gbìyànjú ihò mìíràn, lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú kọ̀ǹpútà mìíràn.

Iná ló tẹ̀ lé e. Dísìkì kékeré tó ń wọ àpò kò ní iná tirẹ̀, inú USB ló ti ń jẹun. Gẹ́gẹ́ bí òfin USB, ihò USB 2.0 lè fún un ní milíámpù 500, USB 3.0 lè fún un ní 900. Àkókò tí awo ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló ń gba agbára jù, bí iná kò bá sì tó, dísìkì á máa wọlé á máa jáde, tàbí kó máa dún "tá, tá" bí ẹni pé ó ti kú. Ebi iná ló ń pa á. Àwọn ńlá ní ádápítà tiwọn, tí agbára iná rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fóòtì (volt) 12. Bí ádápítà yẹn bá jó, awo kò ní yí. Ẹ má ṣe torí pé ẹnu ádápítà mìíràn wọ̀ ọ́ kí ẹ lò ó: ti kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń tó fóòtì 19, ó lè sun pátákó dísìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí okùn àti iná bá pé, ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà rí. Lórí Windows, ẹ fi òsì sílẹ̀ kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún másì lórí Start, kí ẹ yan Disk Management. Lórí Mac, Disk Utility ni. Ìwọ̀n dísìkì ni kí ẹ wò. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, ṣùgbọ́n tí kò ní lẹ́tà bíi D tàbí E, ẹ fún un ní lẹ́tà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ìwọ̀n bá pé ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ RAW tàbí Unallocated sí i, àkọsílẹ̀ ló dàrú, ìrètí sì wà dáadáa. Bí kò bá yọjú rárá, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo, àárẹ̀ náà wà lára dísìkì tàbí pátákó rẹ̀. Bí Windows bá ní kí ẹ "initialize" rẹ̀, ẹ kọ̀. Ọmọ ìyá "format" ni, òun náà fẹ́ kọ nǹkan tuntun sórí dísìkì.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rántí béèrè: kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n ti ń lo dísìkì yìí tẹ́lẹ̀? Dísìkì tí wọ́n ṣètò fún Mac ní ìlànà APFS kò ní ṣí lórí Windows láìsí áàpù àfikún, ìkìlọ̀ "format" yẹn náà sì ni Windows lè gbé jáde. Ti Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó sábà ń lo ìlànà ext4, ń bá irú rẹ̀ pàdé. Ara dísìkì yá gan-an. Kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ gbé e padà sórí èyí tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì da àwọn fáìlì kọ síbòmíràn.

## Kí ni ìró rẹ̀ ń sọ?

Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Dísìkì tó ń dún fùùù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń yí bó ti yẹ. Èyí tó ń dún "tá, tá, tá" léraléra, láìdúró, ń wá ipò rẹ̀ lórí awo ni, kò sì rí i. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ okùn àti ihò tí kò sì dákẹ́, orí tó ń kàwé ló ní ìṣòro. Èyí tó ń kùn hùn-ùn tí kò yí fẹ́ gbéra ni, kò lè gbéra: ó lè jẹ́ pé orí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ awo. Bí ẹ bá sì gbọ́ bí ìgbà tí irin ń ha irin, ẹ yọ okùn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí kọ̀ǹpútà gbà yín láyè. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi ń yí ní ipò yẹn, ó ń họ ojú awo lọ.

Bí kò bá dún rárá, tí kò sì gbọ̀n lọ́wọ́, iná tàbí pátákó ni kí ẹ fura sí. Ó lè jẹ́ pé awo fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

## Ṣé dísìkì kì í kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

Ó máa ń kìlọ̀ nígbà mìíràn. Fódà kan á gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣí. Orúkọ fáìlì á di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Kọ̀ǹpútà á le gbagidi ní kété tí ẹ bá so ó mọ́ ọn, á sì padà bọ̀ sípò nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ da fáìlì kọ, ó dúró lójú kan, ó ní "cyclic redundancy check". Ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn ni pé ohun tí dísìkì kà kò bá ohun tó kọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ mu.

Yàtọ̀ sí èyí, dísìkì ń kọ ìtàn ìlera ara rẹ̀ pamọ́ lábẹ́ orúkọ SMART. Lórí Windows, áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní CrystalDiskInfo ń ṣí i wò. Smartmontools ń ṣe é lórí Linux àti Mac. Nọ́ńbà pọ̀ níbẹ̀ tó ń kó àyà jáni láìnídìí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni kí ẹ wá lọ. Awo pín sí ìpín kéékèèké, dísìkì sì ní ìpín àpadàsí tó fi ń rọ́pò èyí tó bá bàjẹ́. Nọ́ńbà 5 ń sọ iye tó ti rọ́pò. Nọ́ńbà 197 ń sọ iye tí kò lè kà tí kò sì tíì mọ ohun tó máa ṣe sí i. Nọ́ńbà 198 ń sọ iye tó ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Lójú CrystalDiskInfo, 05, C5 àti C6 ni wọ́n ń jẹ́. Bí 197 bá ti kúrò ní òdo, tó sì ń lọ sókè lójoojúmọ́, òní ni kí ẹ kó fáìlì yín, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí "Good" tó bá kọ tàn yín sùn. Dísìkì wà tó kú láìkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, pátákó USB mìíràn kì í sì í jẹ́ kí SMART kọjá rárá.

## Báwo la ṣe ń yọ fáìlì lórí dísìkì tó ń ṣàìsàn?

Bí ó bá ṣì ń ṣí, ẹ má wọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ohun tí a kò lè rí rà: fọ́tò ẹbí, ìwé iṣẹ́, ohùn àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú èyí tó tóbi. Fíìmù tí ẹ lè rí gbà padà, ẹ fi kẹ́yìn. Dísìkì aláìsàn lè má fún yín ní gbogbo wákàtí tí ẹ fẹ́.

Ìmọ̀ràn tó gbòde jù ni pé kí ẹ fi chkdsk, áàpù tó bá Windows wá fún yíyẹ dísìkì wò, "tún un ṣe". Mi ò fara mọ́ ọn, ó kéré tán kì í ṣe lórí dísìkì tí ẹ kò tíì da fáìlì rẹ̀ kọ. Àkọsílẹ̀ tó gún régé ni chkdsk ń wá. Bí ìlà kan kò bá yé e, ó lè gé e kúrò kí ìyókù lè gún, fáìlì yín sì lè bá a lọ. Ó tún ń mú kí dísìkì tó ti rẹ̀ ṣiṣẹ́ àṣekára, ó sì ń kọ nǹkan tuntun sórí rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dísìkì látòkè délẹ̀ sórí òmíràn tí kò kéré sí i, ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á wá máa ṣiṣẹ́ lé. GNU ddrescue, tó jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́, mọ èyí ṣe dáadáa: ó ń kó ibi tó rọrùn láti kà ná, ó ń fo ibi tó le, ó wá ń padà sí ibi tó le nígbẹ̀yìn. Ó tún ń kọ ibi tó dé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí dísìkì bá já lójijì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dúró. Ewu kan ló wà nínú rẹ̀: bí ẹ bá fi orúkọ dísìkì òfìfo sí ipò ti aláìsàn, òfìfo ni yóò dà lé fáìlì yín lórí. Ẹ ka àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. Bí èyí bá ga jù fún yín, ẹ pe ẹni tó ń lo Linux.

Lórí ẹ̀dà yẹn, áàpù TestDisk lè tún àkọsílẹ̀ tó dàrú tò. PhotoRec, tí ẹni kan náà ṣe, kò tilẹ̀ wo àkọsílẹ̀; ó ń wo inú dísìkì fúnra rẹ̀ fún ohun tó jọ fọ́tò, fídíò tàbí ìwé. Ẹ óò rí fáìlì padà, ṣùgbọ́n orúkọ wọn àti fódà wọn ti lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tó ń jẹ́ nọ́ńbà lásán kì í ṣe eré láti tò. Ibikíbi tí ẹ bá ń kó ohun tí ẹ rí sí, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dísìkì tí ẹ ti ń yọ ọ́.

## Mo ti tẹ "Format" ná, ṣé ó ti parí?

Ó dá lórí irú èyí tí ẹ tẹ̀. Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́, ìlà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ nìkan ló ń kúrò; ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà títí di ìgbà tí nǹkan mìíràn bá bọ́ sórí rẹ̀. "Quick format" bá èyí mu: àkọsílẹ̀ tuntun òfìfo ló kọ, inú dísìkì alawo kò tíì yí padà. Nítorí náà ẹ yọ okùn, ẹ má kọ ohunkóhun sí i mọ́, ohun púpọ̀ ṣì lè padà. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò lórí "quick" kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, láti ìgbà Windows Vista ló ti ń fi òdo kún gbogbo dísìkì pátá. Ibi tí òdo bá ti dé, kò sí ìpadàbọ̀. Bó bá ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ dá a dúró.

## Ìgbà wo ló yẹ ká gbọ́wọ́ kúrò?

Bó bá ń dún "tá, tá, tá", bó bá ń ha, bó bá ṣubú tí kò yí mọ́, tàbí bó bá bọ́ sómi. Ní àwọn ipò yìí, ilé iṣẹ́ tó ń yọ fáìlì lórí dísìkì tó ti kú ló kù, àwọn tó ní yàrá tí eruku kì í wọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ óò sanwó bí wọn kò bá rí nǹkan kan, àti bóyá wọ́n lè fi orúkọ fáìlì tí wọ́n rí hàn yín kí ẹ tó san án. Ẹni tó bá yára dáhùn ìbéèrè méjèèjì láìlọ́ ọ́ ni kí ẹ fọkàn tán.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Ẹ má dán an wò: bó bá jáde, omi á sẹ̀ sórí awo, ẹ ti mọ bí orí ṣe sún mọ́ awo tó. Ẹ má tú u wò náà, torí ẹyọ eruku kan ṣoṣo tóbi ju àlàfo yẹn lọ. Pípààrọ̀ pátákó rẹ̀ pẹ̀lú ti irú kan náà kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pátákó òde òní ní ṣíìpù tó mọ dísìkì tirẹ̀ nìkan. Bí oníṣẹ́ bá yọ dísìkì kúrò nínú àpótí, ẹ tọ́jú pátákó USB tó bá a wá. Àwọn kan ń ti fáìlì pa láti orí pátákó yẹn, láìsí i, ohun tó wà lórí awo á dà bí ìsọkúsọ.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé ìwé ẹ̀rí (warranty) tó bá dísìkì wá sábà máa ń jẹ́ kí ẹ gba dísìkì tuntun, fáìlì kọ́. Èyí tí ẹ dá padà kì í sì í padà wá.

## Ẹ̀dà mélòó ló tó?

Ibí gan-an ni ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ sórí háàdì dísìkì, ó pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè ṣí, ó sì ní òun ti fi nǹkan pamọ́. Kò fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ṣì ní, ó kàn kó lọ ibòmíràn ni.

Òfin tí ayàwòrán Peter Krogh jẹ́ kó gbajúmọ̀ ń jẹ́ 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan ìkófáìlìsí méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà sí àwọn yòókù. Kọ̀ǹpútà yín, háàdì dísìkì kan, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kájú rẹ̀. Windows ní File History, Mac ní Time Machine láti 2007. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣe ẹ̀dà láìjẹ́ pé ẹ rántí, torí ẹ kò ní rántí.

Áàpù tó ń mú kí fódà kan náà wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kò tó fún èyí. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ń pa á rẹ́ lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀ ń wọ gbogbo dísìkì tó bá bá lára kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ yọ okùn ti ẹ̀dà kan sílẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì kan látinú ẹ̀dà kí ẹ ṣí i. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rí kò tíì dáni lójú.

Bí ẹ bá fi BitLocker, áàpù Windows tó ń ti fáìlì pa, ti dísìkì, àwọn nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tí wọ́n para pọ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àpadàsí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì yẹn kan náà.

## Kí ni ká ṣe sí dísìkì náà nígbà tí fáìlì bá ti jáde?

Ẹ má sọ ọ́ di ibi tí ẹ ń kó "ohun tí kò ṣe pàtàkì" sí. Ohun pàtàkì á rọra wọ ibẹ̀. Bó bá ṣì ń yí, "format" tó ń fi òdo kún gbogbo rẹ̀ ló yẹ ẹ́ wàyí, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí kò bá yí mọ́, ẹ rántí pé awo rẹ̀ ṣì gbé gbogbo fáìlì, ẹlòmíràn tó ní irinṣẹ́ lè kà á, nítorí náà ẹ dá ihò lu awo yẹn gan-an kí ẹ tó dà á nù. Ẹni tó bá ti ti dísìkì pa láti ọjọ́ tó rà á kò ní wàhálà yìí: láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó bá he é.